Ẹ Má Ra Èyí Tó Tóbi Sí I, Ẹ Ra Ìkejì

Arábìnrin kan láti Ayétòrò, ní Ẹ̀pẹ́, ló kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Ó ní òun ń ya àwòrán ìgbéyàwó, ìkómọjáde àti ìsìnkú àgbà. Gbogbo ohun tí òun ti yà láti 2013, tí ó tó gígábáìtì 800, wà lórí háàdì dísìkì tẹrabáìtì 1 (gígábáìtì 1,000) kan ṣoṣo tí kò ní pẹ́ kún. Bàbá rẹ̀, tí ó jẹ́ ayàwòrán nígbà ayé rẹ̀, fi àwòrán orí bébà tó nǹkan bí 2,000 sílẹ̀ nínú àpótí pákó, pẹ̀lú ìdì nẹ́gátíìfù mélòó kan. Ó wá béèrè pé ṣé kí òun ra háàdì dísìkì tẹrabáìtì 4 kí òun kó gbogbo rẹ̀ sí i, àbí kí òun gbé wọn lọ sórí Google kí ọkàn òun balẹ̀? Ó fi kún un pé àbúrò òun ọkùnrin ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde, bóyá ìyẹn lè wúlò.

Ẹ kú iṣẹ́, arábìnrin mi, ẹ sì kú àmójútó ogún bàbá. Èmi náà ń gbé Ẹ̀pẹ́ níbí, iṣẹ́ àwòrán ni mo sì fi ń jẹun, nítorí náà ọ̀rọ̀ yín kò ṣe àjèjì sí mi. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra tẹrabáìtì 4 kan yẹn, ẹ fi díẹ̀ lé e, kí ẹ fi ra tẹrabáìtì 2 méjì. Bí ẹ bá kó ẹrù láti inú àpótí kékeré sínú àpótí ńlá, àyè lẹ rí, ẹ kò tíì rí ààbò. Ewu tó wà nílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó tilẹ̀ ti pọ̀ sí i, nítorí pé lọ́jọ́ tí àpótí ńlá náà bá bàjẹ́, ohun tí yóò bá a lọ yóò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ti Google, ó wúlò, èmi náà ń lò ó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ayàwòrán lè fi gbogbo ara tì. Àbúrò yín tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ bí ẹni pé ohun kékeré ni, òun gan-an ni mo kọ́kọ́ rí gbá mú nínú ìwé yín.

Púpọ̀ nínú wa rò pé bí òkúta ni háàdì dísìkì rí, pé ohun tí a bá ti kọ sí i kò lè parẹ́ mọ́. Inú rẹ̀ ni àwọn àwo pẹlẹbẹ wà tí ń yí bíríbírí, ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan nínú ọ̀pọ̀ àwọn kékeré tí à ń gbé káàkiri yìí, orí tín-ín-rín kan sì ń léfòó lókè àwo náà láti kọ̀wé àti láti kàwé. Àyè tó wà láàárín orí yẹn àti àwo náà kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún fífẹ̀ ẹyọ irun orí kan. Bí ó bá já bọ́ láti orí tábìlì nígbà tí ó ń yí lọ́wọ́, orí náà yóò ha àwo, ibi tí ó bá sì ti ha, àwòrán tó wà níbẹ̀ ti lọ nìyẹn. Bí kò bá tilẹ̀ já bọ́ rí, ìgbà ń bọ̀ tí mọ́tò rẹ̀ yóò gbó, tàbí tí iná tó lọ tó sì dé lójijì pẹ̀lú agbára òdì yóò jó pátákó kékeré tó ń darí rẹ̀. Ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀; háàdì dísìkì tó ṣiṣẹ́ dáadáa lánàá lè má jí lónìí.

Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, mo jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan láti to àwòrán ìgbéyàwó kan fún álíbọ́ọ̀mù. Mo so háàdì dísìkì mi mọ́ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n dípò kí ó máa kùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ó ti máa ń ṣe, ó ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ kẹ́, kẹ́, kẹ́. Mo yọ ọ́, mo tún un kì, mo yọ ọ́, mo tún un kì, ó tó ìgbà mẹ́wàá, n kò mọ̀ pé bí mo ṣe ń tún un kì ni orí inú rẹ̀ ń ha àwo sí i. Ní ọjọ́ kejì mo gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnṣe kan, ó tú u sílẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀ lábẹ́ fáànù, nínú eruku, ojú mi báyìí ló sì ṣe parí. Ohun tó dùn mí jù ni pé ìyá ìyàwó náà ti kú ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìgbéyàwó ọ̀hún. Inú dísìkì yẹn ni àwòrán ibi tí ó ti ń jó wọlé pẹ̀lú gèlè aláwọ̀ osùn wà, èmi ni mo sì gbọ́dọ̀ lọ bá ọmọ rẹ̀ láti sọ fún un. Àwòrán 31 péré ni a rí gbà padà, àwọn tí mo ti fi WhatsApp ránṣẹ́ sí wọn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú àwọn tó dúró lẹ́yìn fi di ẹ̀kán-ẹ̀kán nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Bí tiyín bá dún bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ má tún un kì mọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí kò ní yàrá tó mọ́ tónítóní fún iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣí i.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ní ìlànà kan tí ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Peter Krogh, sọ di mímọ̀, tí wọ́n ń pè ní 3-2-1: kí àwòrán kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà 3, kí wọ́n wà lórí irú ohun ìpamọ́ 2, kí 1 nínú wọn sì wà ní ibòmíràn yàtọ̀ sí ilé. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tó gbẹ̀yìn ni àwọn ènìyàn wa máa ń fò dá. Mo ti rí ayàwòrán tó ní dísìkì mẹ́rin, tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú dùrọ́ọ̀ kan náà. Olè tó bá gbé kọ̀ǹpútà yín yóò gbé dísìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sínú àpò kan náà. Iná tó bá jó yàrá kò ní yan èyí tí yóò jó. Òrùlé tó bá sì jò ní oṣù Keje kò ní bi dísìkì léèrè pé ìkíní ni tàbí ìkejì. Ẹ̀dà mẹ́ta lábẹ́ òrùlé kan kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ẹyọ kan.

Bí mo ṣe rò ó fún yín nìyí. Tẹrabáìtì 2 àkọ́kọ́ yóò di ti iṣẹ́: orí rẹ̀ ni ẹ ó ti máa to àwòrán, tí ẹ ó ti máa tún wọn ṣe. Tẹrabáìtì 2 kejì yóò di ti ilé: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ẹ ó máa so ó mọ́ kọ̀ǹpútà láti kó ohun tuntun sí i, lẹ́yìn náà ẹ ó yọ ọ́ kúrò, ẹ ó sì gbé e lọ sí yàrá mìíràn. Mo ń tẹnu mọ́ yíyọ yẹn nítorí pé àwọn fáírọ́ọ̀sì kan wà tí ń ti gbogbo fáìlì pa mọ́ni lọ́wọ́, tí àwọn oníṣẹ́ ibi yóò sì máa béèrè owó kí wọ́n tó ṣí i. Ohun gbogbo tó bá wà lẹ́nu kọ̀ǹpútà lákòókò náà ni yóò kó, ṣùgbọ́n kò lè dé ara dísìkì tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Èyí àtijọ́, tẹrabáìtì 1 yẹn, ẹ má ta á, ẹ má sì fún ọmọ kó fi gbé fíìmù sí. Bí ẹ bá ti kó ohun inú rẹ̀ sórí méjèèjì tuntun, ẹ fi í sínú nǹkan tó rọ̀, kí ẹ gbé e fún àbúrò yín ní Ìjẹ̀bú-Òde. Òun ni ẹ̀dà ìta yín fún ìsinsìnyí. Nígbà tí owó bá tún wà, ẹ ra ìkẹta tó bá àwọn yòókù dọ́gba, kí ó sì máa pààrọ̀ pẹ̀lú ti ilé: nígbàkúùgbà tí ẹ bá ń lọ kí wọn fún ọdún tàbí fún ìnáwó, ẹ gbé èyí tó jẹ́ tuntun lọ, ẹ gbé èyí tó wà níbẹ̀ bọ̀. Kò sí owó oṣooṣù nínú èyí, kò sì gba dátà.

Nígbà tí ẹ bá ń kó wọn, ẹ má lo gígé. Ẹ̀dà ni kí ẹ ṣe. Ẹni tó bá gé fáìlì láti ibì kan lọ sí ibòmíràn, tí iná sì lọ láàárín, lè pàdánù níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ FreeFileSync, tí yóò fi fódà méjì wéra, tí yóò kó kìkì ohun tó yàtọ̀, tí yóò sì gbà yín lọ́wọ́ ìdààmú "ṣé mo ti kó èyí tàbí n kò tíì kó o?" Ẹ ṣọ́ra fún ibi tí ó bá ti ń sọ pé òun yóò sọ méjèèjì di ọ̀kan náà gẹ́lẹ́, nítorí pé bí ẹ bá ti fi àṣìṣe pa fódà kan rẹ́ lórí ti iṣẹ́, yóò lọ pa á rẹ́ lórí ti ilé náà láìbéèrè. Ẹ yan èyí tí ń fi ohun tuntun kún un nìkan.

Ẹ̀dà tí ẹ kò ṣí wò kì í ṣe ẹ̀dà. Mo ti rí fódà tí orúkọ gbogbo fáìlì inú rẹ̀ pé, tí ẹ bá sì tẹ àwòrán kan, ìdajì rẹ̀ yóò di eérú láti àárín dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá kó wọn tán, ẹ yọ dísìkì náà, ẹ tún un so, kí ẹ ṣí bí ogún àwòrán láti oríṣiríṣi ọdún, kí ẹ fẹ̀ wọ́n wò dé etí. Fún àwọn tó ṣe iyebíye jù, ọ̀nà tó dájú ju ojú lọ wà. Kọ̀ǹpútà Windows ní àṣẹ kan, Get-FileHash, tí yóò ka fáìlì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí yóò sì fún un ní àmì ìdánimọ̀ onílẹ́tà àti nọ́ńbà 64. Bí ẹ bá fi í sí ẹ̀dà méjì tí àmì náà sì bára mu, ẹ̀dà méjèèjì bára mu nìyẹn. Bí ẹyọ ohun kékeré kan bá ti yí padà nínú ọ̀kan, àmì náà yóò yàtọ̀ pátápátá. Ẹ kọ àwọn àmì náà sínú fáìlì kan, kí ẹ tún wọn yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Èmi máa ń ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tó wà láàárín Kérésìmesì àti ọdún tuntun, nítorí pé ìgbà yẹn ni àwọn oníbàárà ti lọ sí abúlé, tí mo sì ráyè jókòó.

Mẹ́mọ́rì káàdì inú kámẹ́rà, ẹ má pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ títí tí àwòrán inú rẹ̀ yóò fi wà ní ibi méjì. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ẹ ti pa á rẹ́, ẹ má fi káàdì náà ya ohunkóhun mọ́: ohun tí kámẹ́rà pa rẹ́ kò tíì lọ títí tí nǹkan mìíràn yóò fi jókòó lé e, ètò ọ̀fẹ́ PhotoRec sì máa ń wú púpọ̀ nínú rẹ̀ jáde. Fíláṣì, ẹ má fi ṣe ibi ìpamọ́ rárá. Lẹ́yìn pé ó rọrùn láti sọnù, ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà. Wọn yóò kọ tẹrabáìtì 2 sí ara ohun tí kò gbà ju gígábáìtì 32 lọ, yóò máa gba ẹrù bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, nígbà tí ó bá sì kún tán, yóò máa kọ tuntun lé àtijọ́ lórí. Ètò H2testw tí àwọn ará Jámánì ṣe wà lọ́fẹ̀ẹ́ láti dán irú rẹ̀ wò. Ẹ fi dán àwọn dísìkì tuntun yín náà wò kí ẹ tó kó ẹrù sí wọn. Bí ẹni tó ń tajà bá sọ fún yín pé SSD, irú dísìkì mìíràn, ló dára jù nítorí pé kò ní àwo tí ń yí, òótọ́ ni pé ó yára, ó sì lè já bọ́ kó má fọ́, ó dára fún ti iṣẹ́. Ṣùgbọ́n iná ni ó fi ń pa àwòrán mọ́ sínú ara rẹ̀, iná yẹn sì lè máa jò díẹ̀díẹ̀ bí a bá fi í sílẹ̀ lọ́dún gbọọrọ láìfún un ní iná, nítorí náà n kò ní fi í sí kọ́bọ́ọ̀dù àbúrò yín.

Ó wá ku Google, tí ẹ fẹ́ fi ọkàn lé. Nígbà tí Google Photos bẹ̀rẹ̀ ní 2015, ó ń gba àwòrán láìníye lọ́fẹ̀ẹ́ bí ènìyàn bá gbà kí ó dín wọn kù díẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 2021, ìyẹn ti dópin. Gígábáìtì 15 ni ti ọ̀fẹ́, lẹ́tà Gmail yín àti àwọn fáìlì yín yòókù sì ń jẹ nínú rẹ̀. Ti yín jẹ́ 800. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ san owó fún àyè náà, tí íntánẹ́ẹ̀tì yín sì ń gbé ẹrù lọ ní mẹ́gábíìtì 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan láìdúró tọ̀sán-tòru, yóò gbà tó ọjọ́ 15 kí gbogbo rẹ̀ tó gòkè tán, ẹ̀yin náà sì mọ̀ bí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ṣe ń dúró tó. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, nígbà tí àwọn okùn abẹ́ òkun kan bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì dákú káàkiri Nàìjíríà, àwọn báńkì pàápàá ṣe wàhálà. Ẹni tí gbogbo àwòrán rẹ̀ wà lókè, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nìkan kò lè fi ohunkóhun han oníbàárà lọ́jọ́ náà.

Ohun tó tún yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé ìpamọ́ yàtọ̀ sí ìbáradọ́gba. Google àti fóònù yín ń bára wọn dọ́gba: bí ẹ bá pa àwòrán kan rẹ́ nínú Google Photos lórí fóònù, ó ń pa á rẹ́ lókè náà, ọjọ́ 60 ni yóò sì fi wà nínú ààtàn kí ó tó lọ pátápátá. Bí fóònù bá sì sọ pé àyè ti tán, kí ẹ jẹ́ kí òun kó èyí tó ti wà lókè kúrò, ẹ rántí pé bí ẹ bá gbà, ti òkè yẹn nìkan ló kù. Wọ́n tún ti sọ ọ́ di òfin pé àpamọ́ tí ẹnikẹ́ni kò bá wọ̀ fún ọdún 2 gbáko, àwọn lè pa á rẹ́; láti oṣù Kejìlá 2023 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ yan ìdá kan nínú mẹ́wàá, àwọn àwòrán tí ẹ kò ní lè yà mọ́ láyé, kí ẹ san owó àyè rẹ̀, kí ẹ gbé ìyẹn lọ sókè, kí ẹ sì yan pé kí ó fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Bí ẹ bá yan èyí tí ń dín àyè kù, àwòrán kámẹ́rà yín tó bá ju mẹ́gápíkísẹ́ẹ̀lì 16 lọ (ìyẹn àmì kékeré mílíọ̀nù 16 tó para pọ̀ di àwòrán) yóò di 16. Google yìí ni yóò jẹ́ irú ohun ìpamọ́ kejì fún yín.

WhatsApp kì í ṣe ibi ìpamọ́ rárá. Bí ẹ bá fi àwòrán ránṣẹ́ lọ́nà tí gbogbo ayé ń gbà fi ránṣẹ́, yóò dín in kù, yóò sì bọ́ ọjọ́ àti wákàtí tí kámẹ́rà kọ sí i kúrò lára rẹ̀. Bí oníbàárà bá fẹ́ ojúlówó, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì. Bákan náà ni JPEG, irú fáìlì tí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà fi ń pa àwòrán mọ́, ṣe rí: nígbàkúùgbà tí ẹ bá tún un ṣe tí ẹ sì fi pa mọ́ lé ara rẹ̀, ó ń sọ díẹ̀ nù, bí ẹni tó ń ṣe fọ́tókọ́pì fọ́tókọ́pì. Ẹ jẹ́ kí èyí tó ti inú kámẹ́rà wá wà láìfọwọ́kàn, kí ẹ sì fi àtúnṣe sí fódà mìíràn.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí orúkọ, nítorí ibí ni mo ti rí i pé a máa ń pàdánù jù láìjẹ́ pé dísìkì kankan bàjẹ́. Kámẹ́rà sọ àwòrán ní DSC_4471, ó sì tán. Ẹ fi ọdún ṣíwájú, lẹ́yìn náà oṣù, lẹ́yìn náà ọjọ́, bíi 2024-08-17-ikomo-ayetoro, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà yóò ṣe tò wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀léra láìjẹ́ pé ẹ ń bá a jà. Mo yọ àmì ohùn kúrò lórí orúkọ fáìlì mọ̀ọ́mọ̀, torí pé àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan máa ń sọ ọ́ di ìdàrúdàpọ̀. Àwọn àmì bíi ìbéèrè àti kólọ́ọ̀nù, Windows kò tilẹ̀ gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n inú àlàyé àwòrán, ẹ kọ Yorùbá yín pé pérépéré. Ètò ọ̀fẹ́ digiKam yóò jẹ́ kí ẹ kọ orúkọ ènìyàn, ibi àti ìṣẹ̀lẹ̀ sínú ara fáìlì gan-an, kí ó lè máa bá a lọ síbi gbogbo tí a bá gbé e sí. Láìsí àmì ohùn, ẹni tó bá ń wá "ọkọ ìyàwó" lọ́jọ́ iwájú yóò bá ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ́ ìroko pàdé.

Ẹ wo ọdún Káyòkáyò tí a ń ṣe níbí, tí àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ fi ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe dé lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé e kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá 1851. Ó dá mi lójú pé ẹ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún rẹ̀ lórí dísìkì yẹn. Lónìí, ẹ mọ àgbà tó jókòó ní apá òsì, ẹ mọ ìdílé tó wọ aṣọ àwọ̀ ewé. Lẹ́yìn ogún ọdún, ẹni tí yóò jogún yín yóò rí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tó ń rẹ́rìn-ín, tí kò mọ ẹyọ kan nínú wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn ayẹyẹ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó kó owó ìyókù, tó láti kọ orúkọ àwọn tó ṣe pàtàkì sílẹ̀.

Àwòrán bàbá yín ni mo máa ṣe ṣáájú, bí ó bá jẹ́ èmi ni. Àwọn aláwọ̀ ń ṣá lójoojúmọ́. Dúdú-àti-funfun máa ń pẹ́ jù wọ́n lọ. Bí ẹ bá ṣí ìdì nẹ́gátíìfù tó ń run kíkan bíi fínígà, ẹ yà á sọ́tọ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí pé fíìmù náà ti ń jẹrà, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì lè mú kí àwọn tó wà nítòsí bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà pẹ̀lú. Irú yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sikánà kọ. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ di etí wọn mú, ẹ má sì lo sẹ́lótéèpù. Àwọn tó ti lẹ̀ mọ́ álíbọ́ọ̀mù onígọ́ọ̀mù, ẹ má fi agbára fà wọ́n. Okùn tín-ín-rín tí a fi ń fọ àárín eyín, èyí tí kò ní òróró, ni kí ẹ máa fà lọ fà bọ̀ lábẹ́ wọn jẹ́jẹ́ títí wọn yóò fi tú.

Ẹ ya àwòrán orí bébà pẹ̀lú sikánà, ẹ má lo fóònù, torí dídán ojú bébà yóò tan ìmọ́lẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹ yan 600 dpi, ìyẹn àmì kékeré 600 nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan, àti TIFF, irú fáìlì tí kì í sọ nǹkan nù bíi JPEG. Àwòrán íǹṣì 4 sí 6 kan yóò di àmì 2,400 sí 3,600, fáìlì rẹ̀ yóò sì tó mẹ́gábáìtì 26. Gbogbo 2,000 náà kò ní ju nǹkan bí gígábáìtì 52 lọ, tí àyè rẹ̀ wà lórí tẹrabáìtì 2 yín. Ẹ sikáànì ẹ̀yìn náà bí ọ̀rọ̀ bá wà níbẹ̀. Bàbá mi náà máa ń fi pẹ́ńsù kọ̀wé sẹ́yìn àwòrán. Mo ní ọ̀kan tó kọ "Ìyá Àlàbá, ọjọ́ tí wọ́n dá òjò dúró," títí di òní ni a ṣì ń jiyàn nípa ẹni tó dá a dúró. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé sí i, pẹ́ńsù tó rọ̀ ni, kì í ṣe báírò. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sikáànì wọn tán, ẹ má jù wọ́n nù, torí pé bébà yẹn gan-an ṣì ni ẹ̀dà àkọ́kọ́.

Létí ọ̀sà ni a wà, ọ̀rinrin wa pọ̀. Ẹ gbé àpótí pákó náà kúrò nílẹ̀ àti lára ògiri ìta. Àwọn àpò wẹ́wẹ́ tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun, tí a máa ń jù nù, ẹ kó wọn jọ. Wọ́n ń fa omi inú afẹ́fẹ́, ẹ fi wọ́n pẹ̀lú dísìkì sínú ike tó ní ìdérí líle, kí nǹkan inú rẹ̀ má baà bu. Dísìkì fúnra rẹ̀, ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ní ìgbà méjì lọ́dún ó kéré tán, kí ẹ sì gbà pé kò ní pẹ́ títí. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún ni èmi máa ń fẹ̀yìn tiwọn tì, bí wọ́n tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Ẹ kọ páṣíwọ̀ọ̀dù yín sínú ìwé, kí ẹ fi pa mọ́ sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ fọkàn tán. Google náà ní ibi tí ẹ ti lè yan ẹni tí yóò gba àwọn fáìlì yín bí ẹ kò bá wọlé mọ́ fún oṣù mélòó kan. Mo mọ̀ pé a kì í fẹ́ràn irú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹni tó jogún àpótí bàbá láìní ẹni tí yóò sọ fún yín ta ni ta ni, ẹ mọ̀ ju mi lọ.

Kí ẹ tó lọ ra ohunkóhun, ní alẹ́ òní, ẹ ya bí àádọ́ta àwòrán tí yóò dùn yín jù sọ́tọ̀, ẹ kó wọn sórí kọ̀ǹpútà àbúrò yín tàbí ti ọ̀rẹ́ kan, ẹ sì ṣí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó pa iná. Dísìkì tuntun lè dúró títí di ọjọ́ tí ẹ bá rí owó. Èyí tó wà lórí tábìlì yín kò ní dúró dè yín.